Okùn Tó Já Níbi Mẹ́sàn-án

Mi ò kí ọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Tá a bá pàdé ní ọjà Ìtòkú, màá wo ẹ̀gbẹ́ kejì, òun náà á sì pòṣé. Èmi ni mo máa ń ya àwòrán tátù, òun ló máa ń fín in sára àwọn oníbàárà. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án ló dá ìjà sílẹ̀.

Fúnra mi ni mo kọ́ ọnà àwọn Kẹ́lítì àti ti àwọn Píkítì, àwọn ará Skọ́tíláǹdì àtijọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ẹranko àti okùn sára òkúta. Orí fóònù ni mo ti ń wò wọ́n, mo sì ń fi pẹ́ńsù àti rúlà tún wọn yà títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Òfin okùn náà kò le: bó bá gba orí kọjá níbi ìkóríta kan tó ti pàdé ara rẹ̀, abẹ́ ni yóò gbà níbi tó kàn, orí, abẹ́, orí, abẹ́, títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá gba orí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Awakọ̀ kan láti Itori ní kí n ya irú okùn bẹ́ẹ̀ yí apá òun ká. Èyí tí kò lópin ló fẹ́, torí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ọlọ́dún mẹ́ta, ó sì fẹ́ kí obìnrin náà rí i lára òun. Mo wọn apá rẹ̀: inṣì mẹ́tàlá. Mo kọ́kọ́ pín in sí ọgbọ̀n ìkóríta, ló bá di okùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tí mo sọ ọ́ di méjìlélọ́gbọ̀n ló tó di okùn kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yà á.

Ọkùnrin tó ń fín tátù yìí ti fi ọdún púpọ̀ gé páànù fún àwọn aláró kó tó ra ẹ̀rọ tátù. Ẹni tó bá ń gé ọnà sára páànù, tí wọ́n á fi tẹ ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró mu sáṣọ, kì í gé ìlà yí ká tán. Ó gbọ́dọ̀ fi ibi tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láìgé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ á já bọ́. Awọ ara kì í já bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ń fín okùn náà, ó ti fín ìdajì apá awakọ̀, àlàfo sì wà káàkiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gé okùn náà."

Kò gbójú sókè. "Mo fún un láyè kó mí ni."

"Ta ló ní kó mí? Ibo lẹ ti rí àlàfo nínú bébà mi?"

"Tíṣà Skọ́tíláǹdì! Ìgbà tí mo ti ń gé ọnà, ìwọ ṣì ń tọ̀ sílé."

"Páànù kọ́ lèyí! Àbí ẹ rò pé apá ẹ̀ máa já bọ́ ni?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ló bá wo apá rẹ̀. "Ṣé ó ti já ni?"

Mo fi ìka kà á níṣojú rẹ̀. "Ibi mẹ́sàn-án."

"Ọ̀gá, ẹ dí wọn."

"N ò dí nǹkan kan. Ní kí Tíṣà fi pẹ́ńsù ẹ̀ dí i." Ó pa ẹ̀rọ. "Gbé apá ẹ kúrò lórí tábìlì mi."

Níta, mo sọ fún awakọ̀ náà pé màá wá ẹlòmíì tó máa parí rẹ̀. Èmi ló kọjú ìbínú sí.

"Ìwọ lo fà á! Tó o bá panu mọ́, ṣé ìyàwó mi máa kà á?"

"Ìwọ lo ní kó má lópin."

"Ìyàwó mi ni mo ní kó rí i, kì í ṣe ìwọ!"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Ó ti gbé apá náà lọ sí Èkó, wọ́n sì ti fi tàdáwà kun gbogbo rẹ̀ pátá. Ó dúdú yí apá ká, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyàwó mi ní ṣé òun ti kú ni, tí mo fi so aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́pá."

Mo fi àwòrán náà àti ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó kọ́kọ́ fín in. Ó kà á, ó sì bulọ́ọ̀kù mi.