Ohùn Màámi Nínú Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Pẹ́ Kó Tó Jí

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo gbà ní Agbowó, tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo ní, tòkunbọ̀ ni, bátìrì rẹ̀ sì ti kú kí n tó rà á. Bí iná bá ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Bí mo bá tún tàn án, á máa yí òbìrí funfun kékeré kan lójú dúdú, á yí i títí. Màá fún ọmọ mi lọ́mú, màá pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, láptọ́ọ̀pù kò tíì jí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Àǹtí, ṣé kí n lọ sùn kí n padà wá?" Mo ní kó jókòó. Kò jókòó, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Inú á bí mi, màá di bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mú títí tó máa fi kú, màá tún tàn án. Lójú tèmi, mò ń jí i ni.

Inú láptọ́ọ̀pù yẹn ni ohùn ìyá mi wà. Agboolé bàbá mi ní Ṣakí ni wọ́n fẹ́ wọn sí, àwọn ìyàwó ilé ló sì máa ń mọ oríkì ilé jù, torí àwọn ló ń fi í kí ọkọ àti ọmọ láàárọ̀. Nígbà tí mo bímọ, wọ́n wá bá wa gbé ní Ẹlẹ́yẹlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń fi òróró pa ọmọ lára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, mo sì ń fi fóònù gbà á sílẹ̀ láìsọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò jẹ́ kí n tiẹ̀ wé gèlè."

Mo ní, "Màámi, ohùn yín ni mò ń gbà, kì í ṣe ojú yín."

Wọ́n ní, "Ohùn náà ò tíì wẹ̀."

Nígbà tí fóònù mi kún, mo kó o sínú láptọ́ọ̀pù, mo sì pa ti fóònù rẹ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Màámi kú. Ọkàn mi ò gbà pé kí n gbọ́ ohùn náà. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìyẹn tó mi.

Nígbà tí àwọn oníbàárà ń dín kù, mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ bá obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bódìjà, pé kó bá mi jẹ́ kí ó máa yára.

Ó bi mí pé, "Báwo lẹ ṣe máa ń pa á?"

Mo ní, "Iná ló máa ń pa á. Nígbà míì, èmi ni."

Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní áàpù bíi mẹ́wàá tí mi ò lò rí ló ń ṣí fúnra wọn tó bá ti ń jí, gbogbo wọn sì ń du ẹnu ọ̀nà kan. Inú rẹ̀ tún ti kún jù. Ó ní ìyẹn rọrùn: kí a má jẹ́ kí wọ́n dìde àfi tí a bá pè wọ́n, kí a sì pa èyí tí kò wúlò rẹ́. Ṣùgbọ́n háàdì dísìkì rẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, irú ti àtijọ́ ni. Awo kan ló ń yí nínú rẹ̀, ohun kan bí abẹ́rẹ́ sì ń kà á. Tí iná bá já lójijì, ó lè ha awo náà.

"Mọ́mì, ẹ rò pé ó ń lọ́ra ni. Ibi tó ti bàjẹ́ ló ń kà léraléra."

Ó fẹ́ fi tuntun sí i, irú èyí tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ fi iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Fódà kan wà níbẹ̀ tí mo kọ Màámi sí. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wá ìyẹn." Ó gbé ti àtijọ́ sétí mi. Ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbìyànjú. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Orúkọ Màámi náà jáde, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fódà náà kò ṣí. Ó ní kí n má bínú. Ta ni màá bínú sí? Ọwọ́ mi ló wà lórí bọ́tìnnì yẹn.

Ó tan láptọ́ọ̀pù náà níwájú mi. Kí n tó tún ọ̀já ọmọ so, ó ti ṣí. Ó ní kí n ra bátìrì, kí n máa pa á bó ṣe yẹ, kí n sì máa ní ẹ̀dà ohun tí mo bá fẹ́ràn síbòmíì. Mo ní mo ti gbọ́.

Ìyàwó ilé kan tó kù ní Ṣakí ti bá mi ki oríkì náà lórí fóònù. Tiwọn tiẹ̀ gùn ju ti Màámi lọ. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí Màámi ti fi orúkọ ọmọ mi há àárín, tí ọmọ yán, tí wọ́n wá rẹ́rìn-ín, kò sí níbẹ̀.

Tí mo bá ń múra fún ọmọ láàárọ̀ báyìí, mo máa ń ki ìwọ̀nba tí mo rántí lẹ́nu Màámi. Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá dákẹ́, á ní, "Mọ́mì, ó kù." Màá ní kò kù mọ́.