Ilé Tí A Yẹ̀ Wò Lọ́jọ́ Sọ́ńdè

Ọjọ́ Sọ́ńdè la máa ń wá ilé. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà láti Ìkẹjà dé Agége ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, nítorí pé ọ̀gá ló ni ọjọ́ mẹ́fà tó kù. Ọkọ mi wà ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan n'Íkẹjà, èmi ń ránṣọ nílé, kò sì tíì pẹ́ tí a ṣègbéyàwó. Yàrá kan ṣoṣo la ń gbé ní Agége, nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín wọn kọjá. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni gbogbo obìnrin ilé ti ń dáná.

Nígbà tí ìjọba ṣójà kó ètò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí kẹrosíìnì di nǹkan tí à ń tò fún láti àárọ̀, àwọn obìnrin ilé padà sídìí igi ìdáná. Mi ò bá wọn jà, àwọn náà fẹ́ jẹun. Àmọ́ mo ní ikọ́ fée láti kékeré, èéfín igi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn tí ètè mi ti ń dúdú, nọ́ọ̀sì wo ọkọ mi lójú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú obìnrin yìí kúrò nínú èéfín, àbí ẹ fẹ́ sin ín ni?" Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé nìyẹn.

Èyí tí a kọ́kọ́ rí ní Dọ́pẹ̀mú wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Èéfín mọ́tò tó ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀ kò jẹ́ kí n débi yàrá tí mo fi ń wúkọ́. Èyí tí a rí ní Ifákọ̀ dára. Igi máńgòrò wà lẹ́yìnkùlé, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Àmọ́ nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkọ mi ní ọkọ̀ méjì ni òun máa wọ̀ kí òun tó dé ibi iṣẹ́, ọkọ̀ méjì bọ̀, owó ọkọ̀ sì ń lé sí i lójoojúmọ́.

Mo ní, "Ṣé owó ọkọ̀ yín ló ṣe pàtàkì ni, àbí àyà mi?"

Ó ní, "Tí owó ọkọ̀ bá jẹ owó oúnjẹ tán, kí lo fẹ́ fi àyà náà ṣe?"

Inú bí mi. Nígbà tí a délé, mo sè tán, mo sì gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ gbì. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Àfi bí ajẹ́ńtì kan ṣe mú wa lọ wo ilé kan lẹ́yìn Ìkẹjà, ibi tí ọkọ mi lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé ìdáná wà lọ́tọ̀ níta. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri gíga kan, páìpù ńlá kan sì yọrí lẹ́yìn ògiri náà. Mo bi ajẹ́ńtì pé kí ló wà níbẹ̀.

"Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà sílípáàsì onírọ́bà ni, màdáámù. Wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Mo yọ imú síta fèrèsé, mo gbóòórùn títí. Ọbẹ̀ aládùúgbò nìkan ni imú mi gbé. Mo mí kanlẹ̀, àyà mi gbà á. Èmi gan-an ni mo sọ pé ká mú un. Lánlọ́ọ̀dù gba owó ọdún kan lọ́wọ́ wa, a sì kó ẹrù.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, fèrè dún lẹ́yìn ògiri, páìpù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú tó ń rùn bíi táyà tó ń jó. Nítorí pé epo dísẹ́ẹ̀lì ti gbówó lórí, èérún rọ́bà ni wọ́n ń fi dáná sí bọ́ílà wọn, ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi. Mo ti fèrèsé, mo fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wá èémí kiri. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ bá ajẹ́ńtì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màdáámù, ṣé ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ wá wò ó ni?"

Mo ṣépè fún un títí tí ẹnu fi gbẹ mí. Lánlọ́ọ̀dù ní òun ti fi owó wa kanlé.

Kò pẹ́ sí i, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kò rí òwú rà mọ́, wọ́n ní kí ọkọ mi máa lọ sílé. Lórí rédíò, wọ́n ń sọ fún wa pé ká fún ìgbànú mọ́ra. Èmi tí n kò lè mí dáadáa, ibo ni n ó tún fún? Ọkọ mi rin géètì dé géètì, wọn kò gbà á. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ẹ̀yìn ògiri wa: wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò máa dáná sí bọ́ílà. Ọkọ mi gbọ́, ó fi pamọ́ fún mi. Ẹnu obìnrin yàrá kejì, tí ọkọ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni mo ti gbọ́.

Mo ní, "Ẹ lọ."

Ó wò mí, ó ní, "Èmi ni n ó máa dá iná náà o."

"Mo ní kí ẹ lọ."

Bó ṣe di pé ọkọ mi ló ń rán èéfín sí mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó da rọ́bà sínú iná, á kọ́kọ́ wá fi irin kan ògiri. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, n ó gbé àga àti aṣọ tí mò ń rán, n ó lọ jókòó létí títì. Obìnrin yàrá kejì a ní, "Ìyàwó, ọkọ ẹ ń pè ẹ́ o!" A ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wọ yàrá, orí okùn níta ló ń sùn. Síbẹ̀, òórùn náà wà lára rẹ̀, mo sì ń sùn tì í.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, n kò gbọ́ irin. Mo fi gèlè bo imú, mo dúró. Kò sí fèrè, kò sí èéfín. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé iná ti ṣe é léṣe. Nígbà tó yá, ó gba géètì ilé wọlé ní ọ̀sán gangan, abọ́ oúnjẹ tí mo dì fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tú u.

Ó ní, "Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ pa. Gbogbo wa ni wọ́n ní ká máa lọ sílé."

Obìnrin yàrá kejì gbọ́, ó kó ọwọ́ lé orí, ó figbe ta. Ọkọ mi jókòó sórí ibùsùn.

"Ṣí fèrèsé," ó ní.

Mo ṣí i. Àyà mi fa èémí wọlé láìdúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ mi, ó kún dẹ́nu, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ọjọ́bọ̀ ni, àmọ́ atẹ́gùn ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń fẹ́ wọlé.