Èmi Ni Wọ́n Rán Lọ Tọ́ Abẹ́rẹ́ Wò

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìbejì mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ wáyé kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò ni, iṣẹ́ ni wọ́n rán an, pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Èmi ni wọ́n rán. Èkejì mi tó rọra jókòó sínú lẹ́yìn mi kò jẹ́ kí n gbàgbé rí: èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wẹ omi tútù láàárọ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ tó bá jọ pé ata rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó máa ń bí mi nínú, àmọ́ ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn? Màmá wa fúnra wọn gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wá lọ́dún tí onígbáméjì ń jà kiri Èkó. Mafólúkù là ń gbé, bàbá wa sì ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Owó epo rọ̀bì tí ìjọba ń tà ti ń dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà. Tẹlifíṣọ̀n tuntun ti wọ pálọ̀ wa, ṣùgbọ́n omi kànga la ṣì ń mu. Ni màmá wa bá ní ká lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù kékeré kan ní Ìsọlọ̀, níbi téèyàn kàn lè rìn wọ̀ kó sì tò sórí ìlà. Aṣọ kan náà la wọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń rán an fún wa láti kékeré.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ igbe gìrìpá ọmọkùnrin kan nínú yàrá, ló bá tì mí síwájú. Abẹ́rẹ́ náà dùn mí wọra. Mo fẹ̀rín bojú jáde, mo ní kò ju kí èèrà géni jẹ lọ. Ó wò mí títí, ó wọlé.

Kò pẹ́ rárá tó fi jáde, inú rẹ̀ ń dùn. Nọ́ọ̀sì ti rò pé èmi ni mo tún padà wá, ló bá lé e jáde kó má baà gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi ò jiyàn. Ó tiẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò lè purọ́. A ti ń sún mọ́ títì kí n tó rántí pósí kékeré tí wọ́n gbé jáde nílé kejì sí tiwa lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo dúró. Ó ní kí n máa bọ̀, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

“Tí àìsàn yìí bá wọlé wa, èmi nìkan ló máa ṣẹ́ kù,” mo ní. “Ṣé torí kí n lè dá wà láyé lo ṣe rán mi wá?”

Omi ti bọ́ lójú mi. Ó yí padà, ó ń rìn kíákíá bí ẹni tínú ń bí, mo ń sáré tẹ̀ lé e. A jọ wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì wo èmi, ó wo òun, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì fa oògùn tán tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbá mi lápá mú, apá tó ń dùn mí gan-an ló sì dì mú. Mi ò sọ fún un.