Ajá Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ìgbà ọyẹ́ ni ajá náà yọ sí wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan ti ya, ó sì rù débi pé egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Bàbá mi ni ládánì mọ́sálásí kékeré tó dojú kọ ilé wa, àwọn ló ń pe ìrun. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéwú tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí náà. Ilé wa kì í ṣe ilé ajá rárá. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé abọ́ tí ajá bá lá, ìgbà méje là ń fọ̀ ọ́, a ó sì fi yẹ̀pẹ̀ kún un.

Síbẹ̀, ajá yìí yàtọ̀. Òkúta kan wà níwájú mọ́sálásí tí a ti ń bọ́ bàtà. Kò kọjá òkúta yẹn rí. Á jókòó ti bàtà àwọn èèyàn títí wọn ó fi kírun tán. A kò kọ́ ọ. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé kéwú.

Ohun tí èmi nìkan mọ̀ nínú ilé ni pé ojú bàbá mi ti ń ṣú. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn àgbà á gba ìrun pípè lọ́wọ́ wọn. Gọ́tà jíjìn kan wà láàárín ilé wa àti mọ́sálásí, pákó kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan, mo rí i tí ajá náà ṣíwájú bàbá mi. Nígbà tó dé ẹnu pákó, ó dúró. Bàbá mi fi ọ̀pá wọn kan pákó, wọ́n kọjá, ajá tẹ̀lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, n kò sì ní rí nǹkan míì sọ ju pé Ọlọ́run tóbi.

Orúkọ rẹ̀ ni a kò mọ̀. Níbi tiwa, ẹni tó bá ń sin ajá kì í sọ ọ́ lórúkọ lásán. Ẹni tó bá ń bá aládùúgbò jà lè sọ ajá rẹ̀ ní Kòkànyín, á wá máa pè é kíkankíkan láràárọ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí lè gbọ́. Aládùúgbò wa kan, ẹlẹgbẹ́ mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbìyànjú. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Ó pe Kòkànyín, ó pe Ẹfimísílẹ̀, ó pe gbogbo èyí tó mọ̀. Ajá kò mira.

Ó ní, "Bàbá, bó ṣe ń ṣe yìí, ajá yín máa gba ipò yín o."

Bàbá mi ní, "Kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìrun ná."

Ní ọjọ́ Ajé kan, ẹnì kan gbàgbé kẹ́tùlù àlùwàlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ajá sì lá omi inú rẹ̀. Àwọn àgbà mọ́sálásí jókòó lé e lórí. Wọ́n ní kí Jímọ̀ tó dé, ajá yẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀kan nínú wọn ní ọkùnrin tó ń ra ajá ní Ọjà Akẹ̀sán ti bi òun léèrè rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ajá tí ọkùnrin yẹn bá rà kì í pẹ́ láyé. Bàbá mi kò jiyàn, wọ́n ní òótọ́ làwọn àgbà sọ. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Awakọ̀ náà ló mú ọ̀nà wá. Ó ní ìyá òun ń dá gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ajá rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ń jí i ládìẹ. Ní Ọjọ́bọ̀ a wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀. Bàbá mi ní àwọn á tẹ̀lé wa. Abẹ́ ìjókòó ni ajá dùbúlẹ̀ sí, lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, títí a fi dé.

A bá ìyá náà níwájú ilé nínú aṣọ funfun, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó kí wa dáadáa, ó fún wa lómi. Ó wo ajá náà pẹ́, ó sì béèrè orúkọ rẹ̀. Bàbá mi ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá gbé atẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè gbà á. Mo ṣe mọ ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ bú? Mi ò lè gbé ìjà ẹlòmíì wọ ilé mi."

Ọmọ rẹ̀ ní kó kúkú sọ ọ́ lórúkọ tuntun.

Ó ní, "Ajá tó ti dàgbà tó báyìí, ṣé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni?"

Ọjọ́ kejì ni Jímọ̀. Bàbá mi kàn ń fi ọ̀pá fa ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé Ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n ń rò. Ibi tí a wà nìyẹn tí obìnrin kan tó ń kọjá fi kí ìyá pé ṣé àlàáfíà ni.

Ìyá dáhùn pé, "A dúpẹ́."

Ajá dìde. Ó kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá mi, ó rìn tààrà, ó sì gbé orí lé ìyá lẹ́sẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gúsí.

Ìyá wò ó, ó tún rọra sọ ọ́: "Adúpẹ́." Kì í ṣe ìrù nìkan ni ajá náà ń jù, gbogbo ara rẹ̀ ló ń mì.

Ìgbà náà ló yé mi. Nílé wa, bí wọ́n bá kí wa, "alihamudulilahi" là ń dáhùn. Awakọ̀ yìí náà rèé, "halelúyà" ni tirẹ̀. Mo wá rántí obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì lójúde wa, pé bó bá ti jẹ́ kíkí pé "A dúpẹ́" ni ajá á sáré lọ bá a. A rò pé ó fẹ́ bù ú jẹ ni, mo sì ti fi ìgbálẹ̀ lé e sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oṣù méjì ló fi wà láàárín àwa tó ń yin Ọlọ́run ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́, tó ń retí kí a pe ọpẹ́ ní èdè tí olówó rẹ̀ fi kọ́ ọ. Ta ni olówó rẹ̀? Kí ni Ọlọ́run ṣe fún un? Mo ń béèrè di òní.

Ìyá ní, "Ọpẹ́ ni wọ́n fi sọ. Wọn ò fi bú ẹnikẹ́ni." Omi ti lé ròrò sí i lójú. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà ní orúkọ Jésù, bàbá mi tẹ́wọ́, wọ́n ń ṣe àmín tiwa sí i.

Nígbà tí a fẹ́ lọ, ajá lá bàbá mi lọ́wọ́. Wọn kò sáré fa ọwọ́ náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu yẹ̀pẹ̀, ìyá sì ń da omi sí i títí ó fi pé méje. Ó ní kí wọ́n máa wá wò ó. Bàbá mi la ẹnu láti dúpẹ́, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Alihamudulilahi." Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti sọ fún mi pé bí àwọn bá fi èdè wa dúpẹ́ níbẹ̀, ajá náà á bá àwọn padà.

Ní àfẹ̀mọ́jú Jímọ̀, èmi ni mo ṣíwájú wọn. Nígbà tí mo dé ẹnu pákó, mo dúró. Wọ́n fi ọ̀pá kàn án, wọ́n kọjá. Mo béèrè pé ṣé kò sí o.

Wọ́n ní, "A dúpẹ́," wọ́n sì yíjú sẹ́yìn.