Ilé Yìí Kì í Ṣe Títà

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Kí n tó di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba tèmi. Onínúfùfù ni mí, ìyá mi sì kìlọ̀ fún mi títí ó fi kú, mi ò gbọ́.

Orí òkè ni ilé wa wà, lẹ́yìn àdúgbò Iremo. Ọkọ mi ló kọ́ ọ, tíṣà ni. Òkúta la fi ṣe àtẹ̀gùn láti etí títì dé ẹnu ọ̀nà wa, àmọ́ nígbà tí a ṣì lágbára, kò sẹ́ni tó ka iye rẹ̀. Mo máa ń ru omi gun òkè náà tí mo tún ń bá àwọn ọmọ jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi ni a tó mọ̀ pé mẹ́tàdínlógún ni. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì kọ̀ ọ́, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Nígbà tó yá, ó ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ọ̀ọ̀dẹ̀, láti ọ̀ọ̀dẹ̀ dé iwájú ilé. Ibẹ̀ ló ń dúró sí. Bí a bá fẹ́ gbé e dé títì, àfi kí ọkùnrin méjì gbé e bí àpò ìrẹsì, kí àwọn tó kọ́ níwèé sì dúró nísàlẹ̀ máa ṣe, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà." Lọ́jọ́ kan ó ní kí wọ́n má gbé òun mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan títì mọ́, àfi ẹ̀ẹ̀kan.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Àárín àwọn ọdún 1990 ni, ìgbà tí epo ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n, tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn ju bó ṣe ń wọkọ̀ lọ. Èmi àti ajẹ́ǹtì kan la jọ ń rìn kiri àdúgbò Mayfair. A rí èyí tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. A rí èyí tí onílé ní òun á parí ṣáláńgá rẹ̀ "bí Ọlọ́run bá fẹ́," mo sì bi í pé níbo ni kí á máa lọ títí Ọlọ́run yóò fi fẹ́. Ajẹ́ǹtì ní ẹnu mi kò dára fún òwò.

Ẹ̀yìn ìyẹn la rí ilé ìyá Mùsùlùmí kan tí wọ́n ń pè ní Alájà. Opó ni wọ́n, wọ́n fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Ìlọrin. Ilé náà tẹ́jú, títì tẹ́jú, kò sí òkúta kan láàárín wọn. Mo bẹ ọkọ mi títí ó fi gbà kí àwọn mẹkáníìkì méjì gbé òun sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, a sì wọ takisí lọ. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé Alájà, mo na ọwọ́ sí i, ó tì mí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn láti etí títì dé abẹ́ òrùlé iwájú ilé náà, òun nìkan. Ó yíjú, ó wo títì, ó ní, "Ibí ni àga mi máa wà." Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Alájà fi ìbòrùn nu ojú. Wọ́n ní, "Tíṣà, mo fún yín dìgbà Iléyá. Kí Iléyá tó kọjá, mi ò ní tà á fún ẹlòmíràn, ìńṣá Àláhù."

Oṣù mẹ́ta ló kù kí Iléyá dé. Owó ìfẹ̀yìntì ọkọ mi kò tíì jáde, a kò sì ní ohun mìíràn ju ilé orí òkè lọ. Àfi ká tà á ká tó lè ra ti Alájà.

Ibi tí ìwà mi ti wọ ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní bí ọdún mẹ́fà ṣáájú, wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí ilé ìwé kan ní Ìpetumodù, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la sì ń wálé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a bá ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ níwájú ilé wa. Wọ́n ní àwọn ti ra ilé náà, wọ́n sì fi rìsíìtì hàn wá. Gbájú-ẹ̀ kan ló tà á fún wọn. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe pẹ́ńtà. Ó gbé ọ̀dà wá, mo ní òjò á fọ èyí lọ, kó lọ wá ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń dà sójú títì. Òun ló fi kọ ọ́ sára ògiri tó dojú kọ ọ̀nà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ọkọ mi ní ṣé kò ní pọ̀ jù. Mo ní kò lè pọ̀ jù.

Kò tẹ́ mi lọ́rùn síbẹ̀. Mo sọ̀ lọ bá Bàbá Onítáyà, àgbàlagbà tó ń lẹ táyà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn wa. Nígbà yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé bí gbájú-ẹ̀ bá fọwọ́ kan ènìyàn báyìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kó ìwé ilé fún un, tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo ní, "Bàbá, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ra ilé yìí, ẹ lé e. Bí èmi fúnra mi bá dúró níwájú yín tí mo ní mo fẹ́ tà á, ẹ má gbà mí gbọ́. Wọ́n ti ṣe mí nìyẹn." Bàbá ní ọ̀rọ̀ náà ti wọ àwọn létí. Mo gòkè lọ, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Nígbà tí títa wá dé, ògiri nìkan ni mo rántí. Mo ní kí pẹ́ńtà fi ọ̀dà funfun bò ó. Lọ́jọ́ kẹta tí oòrùn mú, àwọn lẹ́tà náà yọ jáde, wọ́n pupa rúsúrúsú bí omi tíì. A kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún yọ. A fi irin ṣíṣẹ́ẹ̀lì ha á, lẹ́tà wá di kòtò, a tún wá ń kà á dáadáa. A kò kéde fún àdúgbò pé à ń tà. Èmi ni mo ní kí á má sọ, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ilé Tíṣà ti dàrú.

Ajẹ́ǹtì á júwe ilé fún ẹnìkan, á ní ó ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Màá gbálẹ̀, ọkọ mi á dé fìlà, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aago mẹ́rin á kọjá, márùn-ún á kọjá, a ò ní rí ẹnì kankan. Ọ̀gá kan láti yunifásítì tiẹ̀ gòkè dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó wo yàrá gbogbo, ó bọ ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní lọ́la òun á mú ìyàwó òun wá. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ìró mọ́tò nísàlẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo tún gbọ́ tí wọ́n lọ. Mo bú ògiri, mo bú pẹ́ńtà, mo bú baba tó bí pẹ́ńtà. Ọkọ mi kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bi mí kò ju pé, "Iléyá ku ọjọ́ mélòó?" Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́, nítorí àwọn àgbò ti ń ké níwájú ilé àwọn aládùúgbò wa. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, kò sì sí ohun kankan tí mo lè ṣe.

Iléyá dé, Alájà fi ẹran ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n tún fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n fúnra wọn gun àtẹ̀gùn wa, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, wọ́n wá sọ fún ọkọ mi pé ọmọ wọn ti ta ilé náà fún ẹlòmíràn. Wọ́n ń sunkún. Ọkọ mi ní kí n fún wọn lómi tútù.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ̀kalẹ̀ lọ ra ata. Bàbá Onítáyà dìde láti orí táyà tí wọ́n fi ń ṣe àpótí, wọ́n ní, "Ìyàwó Tíṣà, ọpẹ́ ni. A ti borí wọn."

Mo ní, "Àwọn wo, bàbá?"

"Àwọn tó fẹ́ gba ilé yín. Méje ni mo lé. Èyí tó yọ́ gòkè kí n tó débi iṣẹ́, tó wá mú ìyàwó wá lọ́jọ́ Sátidé, irin tí mo fi ń tú táyà ni mo nà sí i."

Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo pè wọ́n. À ń ta ilé náà ni."

Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Ohun tí ẹ ní ẹ máa sọ gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo ti rí i tí ẹ ń fi ọ̀dà bo ìkọ̀wé yẹn ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti ṣe yín." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo búra, wọ́n kàn ń ṣe àmín ni. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Níkẹyìn wọ́n ní àfi bí àwọn bá gbọ́ ọ lẹ́nu Tíṣà fúnra rẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́, a jọ gòkè. Ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láìdé fìlà. Bàbá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló dàgbà jù. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìyàwó ní títà ni ilé yìí. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọkọ mi wò mí. Ó pẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Kì í ṣe títà." Apá kan ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo gbé àga rẹ̀ síwájú ilé lọ́jọ́ náà, lókè àtẹ̀gùn, níbi tó ti lè rí títì. Ọdún méjì ló fi jókòó síbẹ̀. Bàbá Onítáyà máa ń wá bá a ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jọ máa wo àwọn tó ń kọjá. Kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Nígbà tó kú pàápàá, a kò gbé e sọ̀, ibi tí àga náà wà ni a gbẹ́ ilẹ̀ sí.

Orúnkún tèmi náà ti ń dùn mí báyìí lórí àtẹ̀gùn yẹn. Àwọn ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kí a ta ilé náà. Mo ní kí wọ́n lọ ka ohun tó wà lára ògiri.