Ilé Tí A Sáré Parí

Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì wa ní Ring Road ni pé kí n sọ fún ẹni tó ń kọ́lé bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó, àti iye tí yóò ná an. Bó bá ní ká yára, owó á gun. Bó bá ní ká rọra, owó síméńtì ò ní dúró dè é lọ́jà. Mo mọ̀ ọ́n sọ fún àjèjì. Nínú ilé wa ńkọ́? Ta ló gbọ́!

Màámi ti háyà ilé ní Agbowó títí ó fi sú wọn. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti ń wú, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ wá fún: kí wọ́n sùn nínú ilé tiwọn kí ọlọ́jọ́ tó dé. A sì ti mọ ògiri rẹ̀ tán lẹ́yìn àdúgbò Challenge. "Ẹ ṣáà kan páànù lé e fún mi," ni wọ́n wí, "ẹ fi pákó dí fèrèsé. Mo máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí owó ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. (Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn", inú ṣì ń bí mi.) Ó ní ayé á bú òun bí ìyá òun bá wọ ilé tí kò ní sílíìnì. Mo ní ká kó bíríkìlà púpọ̀ síbẹ̀ ká lè tètè parí. Ó ní owó á pọ̀ jù. "Màámi, ẹ fara balẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ."

Màámi rẹ́rìn-ín. "Eku yẹn ò tíì darúgbó ni."

Agbowó ni wọ́n kú sí, nínú ilé onílé.

Háà! Ẹ wá wo owó! Ẹ̀gbọ́n mi ní a ò lè sin ìyá ọlọ́mọ sínú ọgbà ilé tí kò parí. Ó ní kí n ṣètò iṣẹ́, iye yòówù kó jẹ́, òun á san án. Mo ṣe ètò náà. Bíríkìlà dé, káfíńtà dé, wọ́n kun ọ̀dà sí ògiri tí kò tíì gbẹ, a san ìlọ́po méjì. Nígbà tí a ó fi gbé Màámi wálé láti mọ́ṣúárì nírọ̀lẹ́ àìsùn, ilé ti parí.

Lọ́jọ́ kejì àìsùn, bí a ti sin wọ́n tán, àwọn ará ìjọ wọn ń wo táìlì, wọ́n ń yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n pẹ́ díẹ̀ nínú ilé dáadáa yìí?"

"Àná ni wọ́n kọ́kọ́ sùn síbẹ̀, mà."