Obì tí Hàbíbátù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣà

Bí ẹ bá bi àwọn oníṣòwò obì Ṣàgámù ayé ọjọ́sí pé ta ló mọ obì í ṣà jù, Hàbíbátù ni wọn yóò dárúkọ. Inú obì ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló gbin oko gbànja tó wà lójú ọ̀nà Akaka, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí a ti ń bó obì àti bí a ti ń fi ewé gbòdògì tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ. Ọkọ fẹ́ ẹ, ọkọ kú. Oko bàbá rẹ̀ ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n kò fi obì oníkòkòrò sábẹ́ èyí tó dára rí. "Orúkọ mi ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn," ni ó máa ń wí. Ó tilẹ̀ ní àmì tirẹ̀: okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló fi ń di ẹnu apẹ̀rẹ̀, kókó mẹ́ta ni yóò sì ta sí i.

Kò pẹ́ tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni iléeṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta wá jókòó ti àwọn oko náà. Eruku funfun bo ewé. Òdòdó obì ń rẹ̀ dànù kó tó di èso. Hàbíbátù kó àwọn olóko jọ, wọ́n lọ bá Olúdọ̀tun, ọmọ ìlú tí wọ́n dìbò fún lọ sílé aṣòfin l'Abẹ́òkúta. Ó ṣèlérí pé òun yóò gbé òfin kan dìde tí yóò mú kí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dá eruku rẹ̀ dúró, tàbí kí ó kó kúrò nítòsí oko. Inú wọn dùn. Mùsùlùmí ṣàdúà fún un, onígbàgbọ́ náà gbàdúrà tirẹ̀.

Wọn kò mọ̀ pé iléeṣẹ́ náà ní ẹnìkan tó ń jẹ́ Owólabí. Ọkùnrin yìí kò fọ́ òkúta rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ni kí ó máa kí àwọn aṣòfin nílé. Bí ìyàwó ọ̀kan bá bímọ, ó ti débẹ̀. Bí òmíràn bá fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú ní Lọ́ńdọ̀nù, iléeṣẹ́ ni yóò gbé e lọ gbé e bọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, ó sì mọ ìdọ̀bálẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Owólabí yà sí ìsọ̀ Hàbíbátù.

"Ìyá, ẹ bá mi ṣa obì tó dára jù lọ. Àgbàlagbà kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀."

"Àna yín ni?"

"Ẹ kúkú lè pè é bẹ́ẹ̀."

Hàbíbátù ṣà á bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ló fẹ́ gbéyàwó. Ó kó àwọn funfun sórí, nítorí obì funfun níyì lójú àna. Ó sì ṣàdúà sí i pé ohun tí ọmọ náà ń wá lọ, yóò rí i gbà. Ọlọ́run sì gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Olúdọ̀tun ránṣẹ́ pe àwọn olóko. Píjó tuntun kan wà lójúde rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀ kò tíì kúrò. Ó gbé obì síwájú wọn ní pálọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jẹ obì ná," ló wí. "Obì ní í bi ikú, obì ní í bi àrùn."

Ta ni yóò kọ obì onílé ní Rẹ́mọ? Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti sọ pé ìjà ni òun bá wá. Hàbíbátù mú tirẹ̀, ó là á, ó gé e jẹ. Ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ yàrá. Apẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀, okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀, kókó mẹ́ta. Obì náà korò mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n a kì í tu obì onílé sílẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ọ̀rọ̀ òfin wa ńkọ́, ọlọ́lá?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ìyá. Ẹ ṣe sùúrù."

Rédíò ni wọ́n ti gbọ́ ìyókù. Òfin náà ti kú. Olúdọ̀tun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ nílé aṣòfin pé òun ti pe àwọn olóko, àwọn ti jọ jẹ obì sí i, ìjà ti parí. Mo ti gbọ́ ìròyìn olè púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ti èyí tó fi obì ẹni di ẹni lẹ́nu rí. Hàbíbátù ní àwọn yóò lọ s'Abẹ́òkúta lọ jiyàn. Fẹ̀hìntọlá, tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà, ló dá a lóhùn.

"Kí la fẹ́ sọ níbẹ̀? Àbí ẹ̀yin kò jẹ ẹ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó lọ s'Abẹ́òkúta mọ́.

Nígbà tí ìbò mìíràn dé, ọṣẹ àti ìṣáná ló kù lórí àtẹ rẹ̀. Àwọn ọmọ ti wábi gbà lọ s'Èkó. Igi bàbá rẹ̀ ṣì dúró lóko, ṣùgbọ́n wọn kò so mọ́. Owólabí tún yà, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀yẹ rẹ̀.

"Ìyá, mo tún fẹ́ obì bíi ti ìjọ́sí."

"Kò sí."

"Àbí ẹ ń bínú sí mi?"

"Mo ń bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ni kò jẹ́ kí obì wà. Èmi pẹ̀lú yín la jọ jẹ ẹ́ tán."